Nígbà Tí Abẹ́rẹ́ Ń Ṣáájú Ìwé

Nígbà tí ọkọ̀ òkun Aureol ṣì ń ná Èkó sí ìlú Ọba, láti 1951 títí di 1974, ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní Àpápá yóò fi àpótí rẹ̀ lé alábàárù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta kò ní kúrò nínú àpò kóòtù rẹ̀: pásípọ́ọ̀tì, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àti ìwé abẹ́rẹ́. Ojú ewé kan wà nínú ìwé abẹ́rẹ́ náà fún ṣànpọ̀nná, òmíràn wà fún ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Nígbà tí àrùn onígbáméjì wọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1970, tó sì dé Èkó kí ọdún náà tó parí, ojú ewé tirẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí tẹ́lẹ̀, di ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò fínnífínní. Ọdún mẹ́ta ni agbára ti ṣànpọ̀nná, oṣù mẹ́fà péré ni ti onígbáméjì, ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń lọ tó ọdún mẹ́wàá. Àwọn àgbà tó rìnrìn-àjò láyé ìgbà náà ṣì lè ka iye wọ̀nyí sí yín létí bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ wọn.

Ọmọdé ni mí nígbà tí àbúrò bàbá mi ń múra àtilọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìlú Ọba. Kóòtù tí télọ̀ rán fún un dára, àdúrà tí àwọn àgbà ṣe fún un gùn, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ni mo rántí jù. Wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ ṣànpọ̀nná fún un. Ojú ibẹ̀ wú, ó ṣomi, ó gbẹ, ó sì di èépá dúdú. Ìyá bàbá mi kò jẹ́ kí ọmọdé kankan fọwọ́ kàn án. Ara rẹ̀ gbóná, ojú rẹ̀ pọ́n, ìyá àgbà sì jókòó tì í, ó ń fi aṣọ tútù nù ún níwájú orí, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé, "Abẹ́rẹ́ ló mú un o, kì í ṣe àìsàn."

Mímú yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn, nọ́ọ̀sì yóò ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Yóò ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, yóò wo ojú abẹ́rẹ́ náà, yóò tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ojú ibẹ̀ bá dán tí kò sí àpá kankan, ìyẹn ni pé kò mú, wọ́n á sì tún un gún. Ìgbà tó bá mú ni yóò tó fọwọ́ sí ìwé, tí yóò lu òǹtẹ̀ rẹ̀. Ìwé ń dúró de ara nígbà náà. Ara ló ń kọ́kọ́ jẹ́rìí, ìwé sì ń gba ẹ̀rí náà sílẹ̀. Mo ti dàgbà, mo ti rí oríṣiríṣi ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi àti ọmọ àwọn ẹlòmíràn, àárò ètò kékeré yẹn kò sì kúrò lọ́kàn mi.

Kò sẹ́ni tó ń wàásù fún àwọn èèyàn ìgbà náà kí wọ́n tó gba abẹ́rẹ́. Wọ́n ti fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń sá fún. Ṣànpọ̀nná kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ sókè. Olóde ni wọ́n ń wí, tàbí Baba, tàbí kí wọ́n kàn ní ilẹ̀ gbóná. Ẹni tó bá bá a lọ, wọn kì í sunkún rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sunkún òkú yòókù. Ọpẹ́ ni wọ́n ní kí àwọn ẹbí máa dá. Ẹni tó bá sì yè é, àpá rẹ̀ wà lójú títí ayé, ojú ẹlòmíràn a sì fọ́. Àwọn ará ilé wa mọ ìtàn Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Yorùbá tó lọ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní ìlú Ọba tó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní Èkó, tó wọ inú ẹgbẹ́ awo Ṣànpọ̀nná fúnra rẹ̀ kó lè mọ ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà ràn ká. Ohun tó rí níbẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìjọba amúnisìn fòfin de ẹgbẹ́ náà. Ó gba ìgboyà. Títí di òní, ó ń yà mí lẹ́nu pé dókítà kan lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu tó bẹ́ẹ̀ láti dí ojú ọ̀nà àrùn kan.

Ní 1967, ìpolongo ńlá fún abẹ́rẹ́ ṣànpọ̀nná bẹ̀rẹ̀ ní ogún orílẹ̀-èdè ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ ọjà, wọ́n gbé e wọ abúlé, àwọn èèyàn tò lọ rẹrẹ. Nígbà tí 1969 fi máa parí, wọ́n ti gún un fún ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù èèyàn. Oṣù karùn-ún 1970 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó mú ní Nàìjíríà. Ní 1977, Ali Maow Maalin, ọkùnrin tó ń dáná ní ilé ìwòsàn kan ní Sòmálíà, di ẹni ìkẹyìn ní gbogbo ayé tó kó o láàárín ìlú, láìjẹ́ pé láti inú ilé-ìwádìí. Ó yè é. Ní 8 oṣù karùn-ún 1980, wọ́n kéde níbi ìpàdé àpapọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé pé ṣànpọ̀nná ti kásẹ̀ nílẹ̀. Láìpẹ́, kò sí ibodè kankan tó tún ń béèrè ìwé rẹ̀. Èmi kò ní ṣàárò ṣànpọ̀nná láéláé. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tó ní làákàyè nínú, tó ń mú kí bàbá àgbà tí kò mọ̀wé ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí nọ́ọ̀sì tó sọ̀rọ̀, ó bá ṣànpọ̀nná lọ.

Ọkọ̀ òkun gan-an tún ń ṣe iṣẹ́ kan tí kò sẹ́ni tó ní kó ṣe. Láti Èkó dé Liverpool ń gbà tó ọjọ́ mẹ́tàlá, pẹ̀lú ìdúró ní Gánà, ní Freetown àti ní Las Palmas. Ṣànpọ̀nná máa ń sá pamọ́ sínú ara fún nǹkan bí ọjọ́ méjìlá kí ibà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kì í sábà ju ọjọ́ mẹ́fà lọ. Ẹni tó bá kó èyíkéyìí nínú wọn kó tó wọ ọkọ̀, ojú òkun ni yóò ti sábà hàn lára rẹ̀, níṣojú dókítà ọkọ̀. Ìrìn-àjò gùn, ó sì ń sú èèyàn, ṣùgbọ́n àkókò wà nínú rẹ̀ fún ara láti sọ tinú rẹ̀. Lónìí, wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ni a fi ń dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀fọn tó jẹ ọ́ lálẹ́ àná ní Ọ̀ta, àmì rẹ̀ ṣì ń yún ọ nígbà tí o bá ń tò níwájú òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ní Heathrow.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gbàgbé oṣù keje 2014. Patrick Sawyer bá ọkọ̀ òfurufú dé Èkó láti Liberia ní ọjọ́ ogún oṣù náà, àrùn Ebola ti wà lára rẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára Ebola tí ẹnikẹ́ni lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, kò sí ìwé tí ì bá dá a dúró. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fura, tí wọ́n kọ̀ láti tú u sílẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ ń fúngun mọ́ wọn. Ogún èèyàn ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú nínú wọn, Dókítà Adadevoh sì wà lára wọn. Ní 20 oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń wá gbogbo ẹni tí ọwọ́ aláìsàn kàn, àwọn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ tí ọjọ́ mẹ́tàlá lójú òkun ń bá wa ṣe láyé àtijọ́.

Ṣùgbọ́n bí àárò kan bá wà tó ń sọ mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, ti Yábàá ni. Ní 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Wọ́n ti mọ ẹ̀fọn tó ń gbé àrùn náà kiri. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni kò tíì yé ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹfà 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kan tó ń jẹ́ Asibi, ní Kpeve ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí. Ibà náà kò le púpọ̀ lára rẹ̀, ó sì gbádùn. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni wọ́n fi sínú ọ̀bọ kan irú ti Íńdíà, ọ̀bọ náà sì dùbúlẹ̀ àìsàn. Báyìí ni àwọn olùwádìí ṣe rí ẹranko tí wọ́n lè fi tọpa àrùn náà, ohun tí wọ́n ti ń wá kiri fún ìgbà pípẹ́.

Iṣẹ́ náà pa èèyàn. Adrian Stokes, dókítà tó wà nídìí rẹ̀, kó ibà náà, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án 1927. Ní oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, Hideyo Noguchi, ọmọ Japan, kú nínú rẹ̀ ní Accra, William Young tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sì tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kòkòrò tó jáde láti ara Asibi kò kú. Ó dé New York, níbi tí Max Theiler, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ti ń sìn ín láti ara ohun kan sí ara òmíràn títí agbára ìpalára rẹ̀ fi rọ̀. Ní 1937 ó di abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1951. Gbogbo abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí wọ́n ń gún lónìí, ní Ìbàdàn, ní Salvador, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Mumbai, láti ara kòkòrò Asibi ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ wa tó bá ń tẹ́ apá fún nọ́ọ̀sì mọ orúkọ ọkùnrin yìí. Àwa aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń béèrè ìwé lọ́wọ́ wa ní ibodè gbogbo, ara ọ̀kan nínú wa ni oògùn náà ti jáde fún gbogbo ayé.

Yábàá kò sì dúró síbi ìwádìí nìkan. Ilé-iṣẹ́ àjẹsára ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀ tó ń ṣe abẹ́rẹ́ ṣànpọ̀nná, ti dìgbòlugi àti ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ fúnra wa. Ọwọ́ ọmọ wa ló ń ṣe é, inú ẹyin adìyẹ ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń sin kòkòrò ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ní 1991 iṣẹ́ náà dúró, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe, láti ìgbà náà ni a sì ti ń gba abẹ́rẹ́ láti òkèèrè. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wọn: ọ̀kan ní Faransé, ọ̀kan ní Rọ́ṣíà, ọ̀kan ní Brazil, ọ̀kan ní Dakar. Mo máa ń dúró díẹ̀ bí mo bá dé orí Dakar. Sẹ̀nẹ̀gà kò ju ìdá kékeré lára Nàìjíríà lọ, wọ́n sì di tiwọn mú.

Kì í ṣe pé àrùn náà ti fi wá sílẹ̀. Ní 1987, nígbà tí Yábàá ṣì ń ṣiṣẹ́, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti àgbègbè rẹ̀, ó sì ṣe ọṣẹ́. Ẹ̀fọn inú ilé ló gbé e kiri, irú èyí tó ń yé ẹyin sínú àmù, sínú garawa, sínú táyà tó gba omi òjò. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó pẹ́ débi pé àwọn dókítà kan parí ẹ̀kọ́ wọn láìrí i rí. Ní oṣù kẹsàn-án 2017 ni ó tún yọjú, lára ọmọdébìnrin ọmọ ọdún méje kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Kwara, ilẹ̀ Ìgbómìnà. Láti ìgbà náà ló ti tún ń yọ ní ìpínlẹ̀ kan dé èkejì.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ wo bí a ṣe ń ṣe yẹ́lò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, lónìí. Mo tẹ̀ lé ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọmọ náà ń lọ sí Íńdíà, ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ abẹ ní ọ̀hún, òun ni yóò sì tẹ̀ lé e. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ gba abẹ́rẹ́ ni, àbí káàdì nìkan?" Ó bi wá tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, bí ẹni ń béèrè bóyá a fẹ́ omi tútù tàbí èyí tí kò tutù. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa ń yára, ọkọ̀ òfurufú wọn kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn mú káàdì nìkan. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi gba abẹ́rẹ́, nítorí mo wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́, ohun tí ẹ ń pàdánù ju abẹ́rẹ́ lọ. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kò ní gún yín kó tó bi yín ní ìbéèrè: ṣé oyún wà nínú? Ṣé ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún? Ṣé àìsàn tó ń sọ agbára ara di hẹ́gẹhẹ̀gẹ wà lára yín, tàbí oògùn irú bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹyin adìyẹ máa ń lòdì sí yín? Kòkòrò tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà ṣì wà láàyè, ó kàn jẹ́ pé wọ́n ti rọ ọ́ lágbára ni, nítorí náà àwọn kan wà tí kò yẹ kó wọ ara wọn, ìwé mìíràn sì wà tí dókítà lè kọ fún wọn pé kí ibodè má fi dandan mú wọn. Ẹni tó ra káàdì lójú tábìlì kò gbọ́ ìbéèrè kankan nínú ìwọ̀nyí. Ọjọ́ mẹ́wàá sì ni ara nílò kí ààbò tó dúró ṣinṣin, òun ni káàdì fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹwàá. Ẹni tó lọ gbà á nígbà tó ku ọ̀la kó fò, bó tilẹ̀ gba abẹ́rẹ́ tòótọ́, ó ti pẹ́.

Ìdí tí Íńdíà fi le mọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ yé mi. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kò sí ní ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó lè gbé e kiri pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn. Bí arìnrìn-àjò kan péré bá gbé kòkòrò náà dé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ẹ̀fọn Mumbai sì jẹ ẹ́, wọn yóò ní ìyọnu tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ya ẹni tí kò ní ìwé tó péye sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀hún ni wọ́n ń dáàbò bò lọ́wọ́ wa, bí a ṣe ń dáàbò bo ti wa lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹta 2012, ní pápákọ̀ òfurufú Johannesburg, wọ́n dá ọmọ Nàìjíríà márùn-ún lé lọ́gọ́fà padà nítorí yẹ́lò káàdì. Inú bí wa, ó bí èmi náà. Ìjọba wa náà dá àwọn ará Gúúsù Áfíríkà padà, Gúúsù Áfíríkà sì tọrọ àforíjì nígbẹ̀yìn. Nínú àwọn tí wọ́n dá padà, àwọn kan ti gba abẹ́rẹ́ wọn bó ṣe yẹ, wọ́n sì jìyà àwọn tó rà á. Nígbà tó di oṣù keje 2019, ìjọba gbé káàdì tuntun jáde tó ní kóòdù tí wọ́n lè fi fóònù yẹ̀ wò. Ó dára, mo yìn ín. Kóòdù náà ń jẹ́rìí pé orúkọ rẹ wà nínú kọ̀ǹpútà ìjọba. Kò lè ká apá aṣọ rẹ sókè. Láti oṣù keje 2016 pàápàá, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kì í gbó mọ́ lọ́dún mẹ́wàá. Ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan, títí ayé rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré láyé ni wọ́n ní kí a tẹ́ apá. Àwọn bàbá wa ń tẹ́ ẹ léraléra nítorí àrùn mẹ́ta.

Ìyà àìgbẹ́kẹ̀lé yìí dé bá wa ní kíkorò ní oṣù kẹsàn-án 2021. Ìlú Ọba fi àjẹsára AstraZeneca ránṣẹ́ sí Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ, wọ́n gún un fún wa. Òfin ìrìn-àjò tí ìlú Ọba kan náà gbé jáde lẹ́yìn náà sì ní ẹni tí wọ́n gún fún ní ilẹ̀ wa dà bí ẹni tí kò gbà á rárá. Abẹ́rẹ́ kan náà ni, láti ọwọ́ wọn ló ti jáde. Ìwé wa ni wọ́n kò gbà gbọ́. Àìdáa ni wọ́n ṣe, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Láyé àtijọ́, àbúrò bàbá mi dé Liverpool pẹ̀lú ìwé tí nọ́ọ̀sì kan kọ ní Ìbàdàn, òṣìṣẹ́ èbúté ṣí i, ó kà á, ó dá a padà fún un, ó ní kó máa lọ.

Ní ti àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà, ètò náà ṣì ní ojú àtijọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn tí àrùn yírùnyírùn jà láàárín àwọn arìnrìn-àjò Háájì ní 1987, Saudi bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe dandan. Ní 2000 àti 2001, ẹ̀yà mìíràn tí abẹ́rẹ́ àtijọ́ kò ká tún jà, wọ́n sì yí i padà sí èyí tó ń ká ẹ̀yà mẹ́rin. Àwọn arìnrìn-àjò Háájì wa ń gbà á kí wọ́n tó gbéra, ọ̀pọ̀ wọn sì ń gba ẹ̀kán oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ pẹ̀lú. Mo ti rí wọn tí wọ́n jókòó lórí ẹní pẹ̀lú hìjáábù funfun, àgbà obìnrin ń di ọwọ́ èkejì rẹ̀ mú nígbà tí abẹ́rẹ́ ń wọlé, wọ́n ń ṣàdúrà. Wọ́n ka abẹ́rẹ́ náà mọ́ ìmúra ìjọsìn gan-an, inú mi sì dùn sí wọn.

Ibà lásán ni kò ní káàdì, òun ló sì ń mú wa jù. Àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ ń sá fún un nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n gòkè odò Ọya ní 1841, ó pa wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ní 1854, nínú ìrìn-àjò mìíràn lórí odò kan náà, Baikie tó ṣáájú wọn fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kúníìnì lójoojúmọ́, ibà kò sì pa ẹyọ kan nínú wọn. Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn-àjò méjèèjì. Láyé tiwa, Daraprim ni wọ́n ń fún àwa ọmọdé ní ọjọ́ Ìsinmi, Sunday-Sunday là ń pè é, a ó mu ún ká tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀nà ti wá yí padà báyìí. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Peckham àti Manchester ló ń gbéra ní Disẹ́ńbà bọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú àti Èkìtì, ara wọn kò mọ ibà rí. Àwọn òbí wọn tí wọ́n dàgbà sí ibí náà, ààbò tí ẹ̀fọn ti fi jíjẹ kọ́ sí wọn lára ti ń yọ́ lọ láti ọdún tí wọ́n ti kúrò nílé. Ní 2023, àwọn tí wọ́n rí ibà lára wọn ní ìlú Ọba lé ní 2,000, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ láti 2001. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ wọn ti kó o, nígbà tí wọ́n wá kí ará ilé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tó dé Nàìjíríà ní oṣù kẹwàá 2024, àwọn ọmọ kéékèèké tó ń gbé ní ibi tí ibà wà ni wọ́n ṣe é fún. Kì í ṣe ti arìnrìn-àjò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń bọ̀ wálé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́ta. Mo bi í nípa oògùn ibà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ilé bàbá mi ni mo fẹ́ wọ̀ tí n ó fi máa lo oògùn?" Mo ní ẹ̀jẹ̀ tó mọ ẹ̀fọn ilé bàbá rẹ̀ ti lọ lára rẹ̀, pé ti àwọn ọmọ kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Ó dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó pè mí padà: apòògùn ti wọn àwọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n, ó sì ti fún wọn ní Malarone níwọ̀n bí ara wọn ṣe wúwo tó, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ku ọ̀la kí wọ́n fò, kí wọ́n sì máa lò ó fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá padà. Mo ní ọjọ́ méje yẹn gan-an ni kó má gbàgbé. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Ti yẹ́lò fífà ńkọ́?" Mo ní kó lọ síbi tí wọ́n fọwọ́ sí fún un, kó jẹ́ kó lé ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn-àjò, kó sì bi nọ́ọ̀sì léèrè dáadáa nípa àbíkẹ́yìn rẹ̀, nítorí ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án.